Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ìbéèrè Tí Ọmọ Mi Bi Mí ní Ilé-Ifẹ̀

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé ìrántí ọdún yìí ní kí n kọ nǹkan, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ kọ. Mo fẹ́ rọ àwa òbí pé ká máa mú ọmọ wa lọ sílé ní àsìkò hólídè, kí wọ́n lè mọ orísun wọn. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́kàn mi, mo sì ti ń wá òwe tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi fúnra mi kó ọmọ lọ sí Ilé-Ifẹ̀ tí mo kó wọn bọ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju bí mo ṣe rò ó lọ.

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí. N kò mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni yóò wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní Ilé-Ifẹ̀ gan-an.

OHUN TÓ GBÉ WA DÉ Ọ̀NÀ

Warri ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, ló wá láti Ifẹ̀ ní àwọn ọdún tí wọ́n ń kọ́ ilé ìfọpo lọ́wọ́, kó tó di pé wọ́n ṣí i ní 1978. Owó wà nílùú nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń rán aṣọ. Bàbá ní ọdún mẹ́ta péré lòun máa lò. Ó lo ọgbọ̀n ọdún ó lé. Nígbà tó kú, Ifẹ̀ la gbé e lọ sin, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Màmá mi dúró síbẹ̀ látìgbà náà, òun ló sì máa ń wá kí wa ní Warri. Èmi padà sí ìdí ṣọ́ọ̀bù mi níbí. Ibí ni mo ti fẹ́yàwó, ibí ni mo ti bí ọmọ mẹ́ta: ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ní sáà kan, wọ́n fún àkọ́bí mi obìnrin ní fọ́ọ̀mù nílé ẹ̀kọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìpínlẹ̀ abínibí, Delta ló kọ. Wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Ọ̀ṣun ló yẹ kó kọ. Ọmọ náà délé, ó ní, "Dádì, wọ́n ní mo purọ́." Mo ní kì í ṣe irọ́, àṣìṣe ni; mo ní Ọ̀ṣun nilé wa. Ó ní, "Mi ò débẹ̀ rí."

Òótọ́ ló sọ. Ìtìjú sì mú mi. Mo wí fún ìyàwó mi pé hólídè gígùn tó ń bọ̀, a ó lọ sílé, kò sí àwáwí. Ẹ̀yin náà mọ iye tí owó mọ́tò ti dà. Èèyàn márùn-ún lọ, èèyàn márùn-ún bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Owó èésú tí mo kó ni mo fi ṣe é.

Ọ̀NÀ ÌBÍNÍ

Ẹni tó bá ń ti Warri lọ sí Ifẹ̀ á gba Sapele, á gba Ìbíní, á gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó. A sọ̀ ní Ìbíní kí àwọn ọmọ lè jẹun. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn fún wọn. Mo sọ ọ́ bí àwọn baba wa ní Ifẹ̀ ṣe ń sọ ọ́: pé Ọ̀rànmíyàn ọmọ Ifẹ̀ wá jọba ní Ìbíní, pé ibẹ̀ kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, pé ó ní ilẹ̀ ìbínú ni, ó sì padà, ó fi ìlú sílẹ̀ fún ọmọ tí obìnrin ibẹ̀ bí fún un, ìyẹn Ẹ̀wẹ́ká. Mo sọ fún wọn pé láti ìdílé ọba Ìbíní náà ni Gínúwà ti jáde ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tó fi di Olú àkọ́kọ́ ti àwọn Itsekiri.

Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó dà bí ẹni pé okùn kan ṣoṣo ló so Ifẹ̀, Ìbíní àti Warri pọ̀, tí àwa sì di orí okùn náà mú. Mi ò sọ fún wọn pé àwọn ará Ìbíní ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní ọmọ ọba Ìbíní kan tó ń jẹ́ Ekaladerhan, tó kúrò nílùú baba rẹ̀, ni ẹni tí àwa ń pè ní Odùduwà. Ọba Erediauwa gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 2004, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ nígbà náà. Mo fo ìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé mo fò ó, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ IFẸ̀

Màmá Ifẹ̀, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é, ti ń dúró dè wá. Ó ń pe ọmọkùnrin mi ní "ọkọ mi", ó ń ki àwọn ọmọbìnrin, ó ń pa omi lójú. Ní ọjọ́ kejì a jáde lọ wo ìlú. A lọ sí Mọ̀pà, níbi tí Ọ̀pá Ọ̀rányàn wà, òkúta tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Àwọn ọmọ ń ka ìṣó náà títí wọ́n fi ṣìkà. A wo ère Mọ́remí tí Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí lójú eégún ní 2016. A wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, èyí tí wọ́n ṣí ní 1954. Mo sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tí ọkọ́ fi kan àwọn orí idẹ tí wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo ní ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní London títí di òní, ọmọ ọdún mẹ́fà bínú gidi. Ó ní kí a lọ gbé e.

Èmi náà ga. Mo ń wo ojú àwọn ọmọ mi, mo ń sọ lọ́kàn pé owó èésú mi kò ṣòfò. Wọ́n ti wá mọ̀ pé ọmọ ẹni ńlá ni wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta, nírọ̀lẹ́, mo mú àkọ́bí mi dání lọ kí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní apá ibi tí Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ ti pààlà. Ẹni tí kò bá mọ̀, kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kan tí kò ní òrùlé. Ògiri rẹ̀ ṣì dúró, èéfín ti sọ ojú fèrèsé rẹ̀ di dúdú, igi ìbẹ́pẹ sì hù ní ibi tó yẹ kó jẹ́ pálọ̀.

Ó ní, "Dádì, kí ló ṣe ilé yìí?"

Mo ní iná ni.

"Ta ló tiná bọ̀ ọ́?"

Mo ní ìjà ni, nígbà kan rí, Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ ló jà.

"Ṣé Yorùbá ni wọ́n?"

"Yorùbá ni gbogbo wọn."

"Kí wá ni wọ́n ń jà sí?"

Mo ní àwọn kan ní àwọn ni onílé, pé àlejò ni àwọn tó kù.

"Ìgbà wo ni àwọn àlejò náà dé?"

Mo ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Mo ní, "Ó ti lé ní 150 ọdún."

Ó dákẹ́. A rìn díẹ̀ síwájú. Ló bá di ọwọ́ mi mú dáadáa, ó ní, "Dádì, àwa ńkọ́, ìgbà wo la dé Warri?"

Ẹ̀yin ará mi, mi ò rí èsì fún un. Mo ní kó jẹ́ ká yára, ilẹ̀ ti ń ṣú.

ÌTÀN TÍ MO FÒ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọmọ náà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́ ní àwọn ọdún 1830, ogunléndé púpọ̀ sá wá sí Ifẹ̀. Ifẹ̀ gbà wọ́n, wọ́n ń bá onílé roko. Ṣáájú 1850, Ọọ̀ni Abewéilá fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ dó sí, èyí tó di Mọ́dákẹ́kẹ́. Kò pẹ́ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, tí àlejò lé onílé kúrò nínú Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì ní 1886 ní kí Mọ́dákẹ́kẹ́ ṣí kúrò. Ní 1909 wọ́n tú wọn ká. Nígbà tó yá wọ́n tún padà. Kòkó dé, ìṣákọ́lẹ̀ dé, ẹjọ́ ilẹ̀ dé. Wọ́n jà ní 1981, wọ́n jà ní 1983. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 kò rọlẹ̀ títí di 2000, ohun tó sì dá a sílẹ̀ ni ibi tí olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ tuntun, Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀, yóò wà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Warri lọ́dún 1997, ẹ ti ń rántí. Ọdún kan náà, irú ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Warri South-West sílẹ̀, wọ́n gbé olú ilé rẹ̀ kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, iná sì sọ láàárín Ijaw àti Itsekiri. Ìjà tún gba ìlú ní 1999 àti 2003, ọ̀rọ̀ sì kan Urhobo pẹ̀lú. Ẹ̀mí lọ, ilé jóná, ìdílé tú ká.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí ní 1997. Onílé wa, ìyá Urhobo kan, ló kó wa sínú yàrá tirẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ sókè. Bí wọ́n bá wá béèrè ẹni tó wà nínú ilé, á ní àwọn ọmọ òun ni. Bàbá mi kò gbàgbé. Títí tó fi kú, kò sí Kérésì tí kò rán aṣọ tuntun fún ìyá náà, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ohun tí mo mọ̀ nìyí, tí mo sì fi pamọ́ fún ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò fi pamọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá àwọn méjèèjì nídìí ààrò. Ọmọ náà ti bi í léèrè. Màmá ní, "Wọ́n jà, ọmọ mi. Àwa jà, àwọn náà jà. Àwọn èèyàn kú níhìn-ín, wọ́n kú lọ́hùn-ún." Ó wá sọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará Mọ́dákẹ́kẹ́, tí wọ́n jọ máa ń ná ọjà kí ìjà tó dé nígbàkúgbà tí Màmá bá wá sílé. Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, wọ́n tún pàdé lọ́jà. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ọ̀rẹ́ náà ló kọ́kọ́ la ẹnu, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ọjọ́ mẹ́ta tó jẹ́ ọdún mẹ́ta. Màmá ní àwọn rẹ́rìn-ín, àwọn sì sunkún lórí àtẹ ata. Ọmọ mi fetí sílẹ̀ títí Màmá fi parí rẹ̀. Ẹ̀rù kò bà á. Èmi ni ẹ̀rù ti ń bà.

ÈSÌ MẸ́TA TÍ KÒ TÓ

Láti ìgbà tí a ti dé ni mo ti ń ro ìbéèrè ọmọ yìí. Mo ti gbé e fún àwọn ará nípàdé, mo sì gbọ́ èsì mẹ́ta.

Àwọn kan ní kí a má sọ ohun búburú fún ọmọdé. Ẹ mú un lọ wo ọ̀pá, ẹ mú un lọ wo ère, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ kó dàgbà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ lójú. Ilé tí kò ní òrùlé kò ní kọ̀ láti wà lójú ọ̀nà nítorí pé a kò fẹ́ kí ọmọ wa rí i. Bí òbí kò bá sọ ọ́, ìta á sọ ọ́, ìta kì í sì í sọ pé wọ́n kú níhìn-ín, wọ́n kú lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ìta máa ń sọ.

Àwọn kejì ní kí a sọ fún ọmọ gbangba pé Warri kì í ṣe ilé. Oko la wà. Ẹ kọ́lé sí Ifẹ̀, sí Ìlá, sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ẹrù máa wà ní dídì. Òwe ló ti èyí lẹ́yìn: àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ di ẹrù kò ní gbin igi eléso. Kò ní bìkítà bí gọ́tà àdúgbò bá dí. Kò ní kọ́ èdè ẹni tó ń gbé ògiri kejì. Nígbà tó bá yá, àwọn onílé á wò ó, wọ́n á ní àlejò lẹni yìí lóòótọ́, wọn kò sì ní jẹ̀bi.

Àwọn kẹta ní kí a gbàgbé Ifẹ̀. Warri ni wọ́n bí wọn sí, kí wọ́n máa sọ Pidgin wọn, kí wọ́n jẹ́ ọmọ Warri. Èyí náà dùn gbọ́. Ṣùgbọ́n odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nù nítorí kí wọ́n lè gbà á sílé, bí wọn kò bá wá gbà á, ibo ni yóò yà sí?

KÍ LÓ Ń SỌ ÈÈYÀN DI ONÍLÉ?

Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ ti ọmọ mi nìyí. Kì í ṣe iye ọdún ló ń béèrè ní tòótọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá iye kan wà tó tó.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Abala 318 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀. Òfin kan náà, ní abala 41 àti 43, gbà wá láyè láti gbé ibikíbi ká sì ní ilẹ̀ níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Èyí ni pé mo lè ra ilẹ̀ ní Warri, kí wọ́n bí mi síbẹ̀, kí n bí ọmọ síbẹ̀, síbẹ̀ kí ọmọ mi má lè kọ Delta sórí fọ́ọ̀mù.

Ṣé ẹni tó kọ́kọ́ dé ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ifẹ̀ gan-an á ṣòro. Àwọn onítàn wa sọ pé Odùduwà bá èèyàn nílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Ugbò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ títí di òní pé àwọn ni onílé àkọ́kọ́ ní Ifẹ̀. Bí a bá ń tọ ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dé, a ó tọ̀ ọ́ títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹranko igbó.

Ṣé iṣẹ́ ni? Bàbá mi lo ọgbọ̀n ọdún ó lé níbí. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ó gbowó aṣọ tó rán. Iṣẹ́ tí a ti gba owó rẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di onílé. Bí ó bá ń sọ ọ́, àwọn oyìnbó elépo ni ì bá ti jẹ onílé Warri ṣáájú gbogbo wa.

Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ nìyí. Ohun méjì ló ń pàdé kí àlejò tó di onílé, ọwọ́ èèyàn méjì ni wọ́n sì wà. Èkíní wà lọ́wọ́ àlejò: kó ru ẹrù ìlú láìgbowó. Èkejì wà lọ́wọ́ onílé: kó gbà á. Ẹ padà sínú ìtàn Ọ̀rànmíyàn bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Ifẹ̀. Kì í ṣe òun alágbára ni Ìbíní gbà. Ọmọ tí obìnrin wọn bí ni wọ́n gbà. Ẹ sì wo Warri tiwa. Ní 2015, òfin 1979 tó sọ pé ìyá ẹni tó máa jẹ Olú gbọ́dọ̀ jẹ́ Itsekiri tàbí Ẹdó ni wọ́n fi dí ọmọ ọba kan lọ́nà, nítorí Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 2021, ọmọ kan náà ló gun orí ìtẹ́ ní Ode-Itsekiri, tó ń jẹ́ Ògíamẹ̀ Atuwatse Kẹta. Kì í ṣe àwa Yorùbá la fi agbára gbé e síbẹ̀. Àwọn onílé ló gbà á.

Àwọn kan á ní, ṣé kí a máa wá bẹ̀bẹ̀ títí ayé ni? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ojú onílé. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ìkà lásán. Ifẹ̀ rántí pé àlejò tí àwọn fún nílẹ̀ ló lé àwọn jáde. Àwọn tó ni Warri pẹ̀lú kò pọ̀ tó Yorùbá, ilẹ̀ wọn ni epo wà, ọ̀pọ̀ ló sì ti wá jẹun lórí rẹ̀ tó lọ. Ẹni tó bá ti rí irú èyí á máa ka àwo kí àlejò tó jókòó.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ojú tiwa náà. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Àwọn èèyàn wa, àwọn mìíràn tí wọ́n bí síbẹ̀, fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. A sunkún, a sì bú Ghana. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba tiwa lábẹ́ Shagari fún àwọn ará Ghana àti àwọn àlejò mìíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Mélòó nínú wa ló sunkún? Ní oṣù kẹta 2023, nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkó, wọ́n lé àwọn kan kúrò níbi ìdìbò nítorí pé wọ́n jọ Igbo. Ohun tí a ń tọrọ ní Warri, ṣé à ń fún ẹlòmíràn ní Èkó?

Nítorí náà, èsì tí mo fẹ́ fún ọmọ mi nìyí. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀wọ̀, títí láé. Kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di aláìnílé. Ẹni tó dé lẹ́yìn ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé. Kò ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé bí ẹni tó ń kọjá lọ. Òdiwọ̀n tí a bá sì fi wọn ìlú tí a ti jẹ́ àlejò, òun náà ni ká fi wọn ìlú tí a ti jẹ́ onílé. Kò sí iye ọdún tó tó fúnra rẹ̀. Ọdún 150 kò tó ní Mọ́dákẹ́kẹ́, alẹ́ kan ṣoṣo sì tó nínú yàrá ìyá Urhobo.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ̀yin òbí, mo ṣì ń bẹ̀ yín, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sílé. Ẹ mú wọn lọ sí Ifẹ̀, ẹ mú wọn lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ mú wọn gun Olúmọ l'Ábẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n bí ilé tó jóná bá wà lójú ọ̀nà, ẹ má sáré kọjá. Ẹ dúró, kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ní ìwọ̀n tí ọmọ lè gbọ́.

Ẹ mú wọn rìn nítòsí pẹ̀lú. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo Ode-Itsekiri? Mélòó ló ti dé Koko, níbi tí ilé Nánà Olómù wà? Oníṣòwò ńlá ni, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu ìlú rẹ̀, Ebrohimi, ní 1894, tí wọ́n sì lé e lọ sí ìgbèkùn. Ó padà wálé ní 1906. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èdè àwọn Itsekiri dáadáa. Orítsẹ̀ tí wọ́n ń pe Ọlọ́run kò jìnnà sí òrìṣà tiwa; ọma ni wọ́n ń pe ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìkíni Urhobo àti ti Ijaw kí wọ́n tó mọ èébú wọn. Bí ìmọ́tótó àdúgbò bá sì dé, kí ọmọ Yorùbá tètè jáde.

Nígbà tí a ń bọ̀, àwọn ọmọ sùn láti Ọ̀rẹ̀. Ní ìkóríta Effurun ni àkọ́bí mi jí. Ó nu ojú, ó ní, "Dádì, ṣé a ti délé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí fóònù mi dún. Màmá ni, láti Ifẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ délé?" Mo ní, "A délé, mà." Ó ní, "Ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀ wálé?"

Ọmọ náà gbọ́ ọ. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé igò epo pupa kan tí Màmá fi ránṣẹ́, mo mú un dání, a sì lọ kí ìyá tó ni ilé tí a ń gbé ní 1997. Ó ti darúgbó gan-an. Mo sọ ohun tó ṣe fún wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lójú rẹ̀, fún ọmọ mi. Ìyá náà ní òun kò rántí mọ́ dáadáa. Mo ní kò burú, àwa rántí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká ṣe èyí tó ń bọ̀. Kí àlàáfíà jọba ní Warri, kó jọba ní Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Àmín.